Gbèsè ń pa igi dàkwàrà ju ọ̀dá lọ

Bí ẹ bá fẹ́ dá dàkwàrà, igi tí a ń gba oje títà lára rẹ̀, mọ̀ láàárín gbogbo igi ẹlẹ́gùn-ún tó wà ní àríwá ìpínlẹ̀ Yobe, ẹ̀gún rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, ẹ fi ewé sílẹ̀ ná. Mẹ́ta-mẹ́ta ni ẹ̀gún máa ń wà lójú kan lára ẹ̀ka rẹ̀: àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọrí sókè, èyí àárín dorí kodò. Òdòdó rẹ̀ funfun, ó sì gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Dùṣè, tí òun náà jẹ́ ìbátan rẹ̀, méjì-méjì ni ẹ̀gún tirẹ̀, wọ́n gùn, wọ́n funfun, wọ́n sì tọ́ gbọọrọ. Òdòdó dùṣè rí roboto, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, bí ẹ bá sì fi ọwọ́ pa èèpo igi náà, nǹkan kan tó kúnná á lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ mi nìyí, òun náà ni mo sì fi ń bẹ̀rẹ̀ bí mo bá ń kọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tí kò dá igi mọ̀ kò lè dá oje mọ̀, ẹni tí kò sì dá oje mọ̀, ọwọ́ oníjìbìtì ni owó rẹ̀ ń bọ́ sí.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí. Ìsìn agùnbánirọ̀ ló gbé mi dé Yobe, mo sì dúró síbẹ̀ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti padà sílé. Nọ́sìrì igi kan nítòsí Nguru, ìlú tí ojú irin tó ti Kánò wá parí sí, ni mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn àgbẹ̀ rìn láti Machina títí dé Yusufari, à ń yan oje, à ń wọ̀n ọ́n, à ń wá ẹni tí yóò rà á ní iye tó bójú mu. Ohun tí ojú mi rí nínú iṣẹ́ yẹn ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀. Mo fẹ́ràn igi yìí, n kò ní fi bò, ó sì ń dùn mí bí mo bá rí i tí wọ́n ń lò ó nílòkulò.

Oje dàkwàrà ni àwọn Haúsá ń pè ní kárò, òun náà ni ọjà àgbáyé mọ̀ sí gum arabic. Acacia senegal ni àwọn onímọ̀ ewéko ń kọ orúkọ igi náà tẹ́lẹ̀. Senegalia senegal ni púpọ̀ nínú wọn ń kọ nísinsìnyí, torí pé ní ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Vienna lọ́dún 2005, wọ́n fi orúkọ Acacia sílẹ̀ fún àwọn ìbátan rẹ̀ ti Ọsirélíà. Àwọn àgbẹ̀ Yobe kò gbọ́, wọn kò sì pàdánù ohunkóhun. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì Yorùbá náà ti bá ìdílé igi yìí pàdé rí: igi ṣittimu tí wọ́n fi kan àpótí ẹ̀rí nínú ìwé Ẹ́kísódù.

Ilẹ̀ yanrìn ni ilẹ̀ ibẹ̀. Òjò ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà, nígbà míì ó di oṣù keje, kí oṣù kẹsàn-án sì tó parí ó ti dáwọ́ dúró. Gbogbo oṣù tó kù, òjò kì í kán tó sílẹ̀. Dàkwàrà ń rí ayé gbé pẹ̀lú òjò 300 sí 400 mìlímítà lọ́dún. Ní Abẹ́òkúta tiwa, òjò ọdún kan a máa ju 1,000 mìlímítà lọ, a ṣì ń kígbe pé ilẹ̀ gbẹ.

Bí igi náà ṣe ń ṣe é kò ṣòro láti lóye tí ènìyàn bá ti wú ọ̀kan rí. Gbòǹgbò kan ń lọ tààrà sí ìsàlẹ̀ láti wá omi, àwọn yòókù nà gbàlàjà lábẹ́ yanrìn láti mu ìwọ̀nba òjò tó bá rọ̀. Ewé rẹ̀ wẹ́, oòrùn kò rí ibi púpọ̀ gba omi lára rẹ̀. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá sì le, á wọ́wé, á dúró ní ìhòòhò títí òjò yóò fi padà. Ara gbòǹgbò yẹn kan náà ni àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ń gbé, tí wọ́n ń fa nitrogen inú afẹ́fẹ́ wọ inú ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí jéró tí a bá gbìn sí ibi tí dàkwàrà ti pẹ́ fi máa ń ṣe dáadáa. Àwọn àgbẹ̀ Kordofan ní Sudan ti mọ èyí tipẹ́. Wọ́n á gbin ọkà fún ọdún mélòó kan, bí ilẹ̀ bá ti ṣá, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún igi oje fún ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á máa gba oje níbẹ̀, kí wọ́n tó tún gé igi náà láti gbin ọkà.

Ọ̀dá ọdún 1973 àti ti 1984 kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn àgbà ibẹ̀. Bàbá àgbẹ̀ kan tó gbà mí bí ọmọ sọ fún mi pé màlúù ń kú sójú ọ̀nà nígbà yẹn, kànga gbẹ, àwọn mìíràn sì kó ẹbí wọn gba gúúsù lọ. Dàkwàrà pàápàá kú, pàtàkì jù lọ èyí tó ti darúgbó. Èyí tó kù lórí òkìtì yanrìn lẹ́yìn oko Bàbá ló bọ́ wọn ní ọdún tó tẹ̀lé e. Wọ́n ta oje, wọ́n fi owó rẹ̀ ra irúgbìn, ewúrẹ́ jẹ ewé àti pódi rẹ̀, ìyẹn àpò irúgbìn rẹ̀. Bàbá fi ọwọ́ hàn mí àwọn igi náà. Mo rí i pé òmíràn ti ní ojú ọgbẹ́ ńlá lára, èèpo ti bó kúrò lára rẹ̀ láti ìdí dé ọrùn. Mo bi í bóyá ọ̀dá ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, àáké ni.”

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ ohun tó ń pa igi yìí, ohun tí mo rí kò sì bá ohun tí wọ́n ń sọ nínú àpérò mu. Nínú àpérò, aṣálẹ̀ ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa kíkọ igi, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí àwọn ènìyàn Ẹdó àti Oǹdó ṣe ń kọ rọ́bà ni wọ́n ń kọ dàkwàrà, àmọ́ oje rẹ̀ kì í ṣàn bíi ti rọ́bà. Igi náà ń fi oje di ojú ọgbẹ́ ara rẹ̀ ni. A ó fi àáké kékeré gé èèpo ẹ̀ka kan díẹ̀, a ó fi ọwọ́ fa èèpo náà kúrò ní tẹ́ẹ́rẹ́, fífẹ̀ ìka méjì, ní gígùn ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí kí ó lé díẹ̀. Èèpo nìkan ni a ń fẹ́. Bí àáké bá wọ inú igi funfun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn ti di ọgbẹ́ tí ikán yóò gbà wọlé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà, oje á ti sun jáde, á ti lé roboto sójú ibi tí a bó, á sì ti le débi pé a lè ká a. Láti ìgbà náà, ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, a lè padà síbẹ̀ láti ká òmíràn títí di nǹkan bí oṣù kejì tàbí oṣù kẹta ọdún.

Ìgbà tí a kọ ọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Ó ní láti jẹ́ pé òjò ti lọ, ewé ti ń pọ́n, ó sì ti ń já bọ́. Ní ìhà Nguru, oṣù kẹwàá ń parí lọ tàbí oṣù kọkànlá ti wọlé nìyẹn. Igi ti jẹun tán, ó ti tọ́jú agbára pamọ́, ọyẹ́ ń bọ̀, oòrùn ọ̀sán sì ń mú. Bí a bá kọ ọ́ nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, oje kì í tó nǹkan, igi náà yóò sì rẹ̀ sí i. Igi tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, a kì í fọwọ́ kàn án. Ẹ̀ka tí a kọ lọ́dún yìí, a ó fi í sílẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, a ó kọjú sí ẹ̀ka mìíràn kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ lè jinná. Ara ìdí igi ni kí a má tilẹ̀ dé rárá. Bàbá kì í kọ igi tí ó bá ti ṣàárẹ̀, ì báà jẹ́ pé ọdún náà le. Ó lè yí igi kan po títí, kó wo òkè rẹ̀, kó wo ìdí rẹ̀, kó tún rìn kọjá láìfi àáké kàn án.

Bí a bá pín in dọ́gba, igi kan kì í mú ju nǹkan bí gíráàmù 250 wá lọ́dún. Ẹ ṣírò rẹ̀: igi mẹ́rin ló ń fún wa ní kílò kan. Ẹni tó ní ọgọ́rùn-ún igi, kílò 25 ló ní. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé owó ojú ẹsẹ̀ ni oje dàkwàrà, ẹ bi í pé igi mélòó ló ní.

Gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí, àwọn àgbẹ̀ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Kí ló wá dé tí wọ́n ń kọ igi ní oṣù kẹsàn-án, tí ewé ṣì wà lórí rẹ̀? Ìbéèrè yìí gbà mí lọ́kàn. Ẹnu àwọn ìyàwó ilé ni mo ti rí ìdáhùn rẹ̀, kì í ṣe lọ́dọ̀ àwọn ọkọ. Oṣù keje àti oṣù kẹjọ ni ebi ń pa ènìyàn jù níbẹ̀. Jéró àná ti tán nínú àká, ti ọdún yìí kò tíì gbó. Ìgbà náà ni oníṣòwò kan á dé láti ìlú pẹ̀lú àpò ọkà àti owó lọ́wọ́. Á ní, “Ẹ gbà, ẹ jẹun, ẹ ó fi oje san án.” Iye tí yóò ka oje sí, òun nìkan ni yóò sọ ọ́, lójú ebi. Ta ni yóò bá a ṣe àríyànjiyàn? Bí òjò bá ti ń dín kù báyìí, oníṣòwò yẹn ti dé ẹnu ọ̀nà láti gba gbèsè, ó fẹ́ oje rẹ̀ kí àwọn mìíràn tó kó tiwọn wọ ọjà. Àgbẹ̀ á gbé àáké, á wọ oko, á sì gé jìn, torí ó rò pé ojú ọgbẹ́ ńlá ni oje púpọ̀ ti ń jáde. Lọ́dún kejì igi náà kò sun nǹkan kan. Lọ́dún kẹta, wọ́n ti fi ṣe èédú.

Lóko ọba, ìyẹn igbó tí kò sí ẹni pàtó tó ni ín, ọ̀ràn náà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni í, nítorí náà gbogbo ènìyàn fẹ́ ṣáájú. Mo ti rí igi tí ọwọ́ ènìyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wà lára rẹ̀ láàárín ọ̀gbẹlẹ̀ kan ṣoṣo.

Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ ni àjọ. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ní àdáṣì tiwọn, bí àwọn ìyá wa ṣe ń dá èsúsú. A rọ̀ wọ́n kí wọ́n ya apá kan owó oje sọ́tọ̀ ní oṣù kejì, nígbà tí owó ṣì wà, kí wọ́n fi ra jéró nígbà tó ṣì pọ̀ lọ́jà, kí wọ́n kó o pamọ́ sí àká kan tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyá àgbà kan tí gbogbo wọn bọ̀wọ̀ fún. Ní oṣù kẹjọ, ẹni tí ebi bá ń pa á yá jéró níbẹ̀, á sì fi jéró tàbí oje dá a padà lẹ́yìn ìkórè. Kò sí owó èlé. Àwọn ọkùnrin kan kọ́kọ́ kùn pé báwo ni kọ́kọ́rọ́ àká ṣe máa wà lọ́wọ́ obìnrin. Nígbà tí wọ́n rí i pé àká náà ṣì kún ní àárín òjò, ohùn wọn rọlẹ̀. Ní abúlé tí èyí ti fìdí múlẹ̀, mo rí i lójú ara mi pé kò sí àáké tó wọ oko kí ewé tó já.

Ọ̀rọ̀ gbígbin náà ní ohun tí mo fẹ́ sọ sí i. Irúgbìn dàkwàrà pẹlẹbẹ, inú pódi tó fẹ́lẹ́ bíi bébà ló ń wà. A ń rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, a ń gbìn ín sínú ọ̀rá dúdú ní nǹkan bí oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, á sì ti tó gbé lọ sóko nígbà tí òjò bá rọ̀ dáadáa ní oṣù keje. Gbòǹgbò rẹ̀ kò ní sùúrù. Á lu ọ̀rá, á wọ ilẹ̀ nọ́sìrì, nítorí náà ẹ ní láti máa gbé àwọn ọ̀rá náà sókè léraléra. Lóko, mítà mẹ́rin sí márùn-ún ni a ń fi sí àárín igi kan àti èkejì.

Èyí rọrùn. Ṣíṣọ́ ọ ló le. Lọ́dún 2007 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà dá ètò Ògiri Aláwọ̀ Ewé Ńlá sílẹ̀ láti fi igi dínà aṣálẹ̀, Nàìjíríà sì ní ilé iṣẹ́ ìjọba tirẹ̀ fún un, fún ìpínlẹ̀ mọ́kànlá, láti Kebbi àti Sokoto títí dé Yobe, Borno àti Adamawa. Ètò tó dára ni, mo sì fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n ń gbin igi ni kámẹ́rà ń wá. Ọjọ́ tí ewúrẹ́ ń wá, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ewúrẹ́ fẹ́ràn dàkwàrà kékeré kọjá sísọ, ẹ̀gún kò sì tíì le lára rẹ̀ nígbà yẹn. Bí ọwọ́ mi bá wà nínú bí wọ́n ṣe ń pín owó irú ètò bẹ́ẹ̀, ìdajì rẹ̀ ni màá fi sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ abúlé tí yóò máa kó ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún yí igi kọ̀ọ̀kan ká, tí yóò sì máa bá àwọn darandaran sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́ta gbáko. Àwọn Fúlàní tí mo bá pàdé kì í ṣe ọ̀tá igi yìí. Wọ́n mọ̀ pé lọ́jọ́ iwájú ewé rẹ̀ ni ẹran wọn yóò jẹ nígbà tí koríko bá tán, ohun tí wọ́n sì máa ń bi wá ni pé ọ̀nà wo ni ẹran yóò gbà kọjá. Ẹ fi ọ̀nà sílẹ̀ fún wọn kí ẹ tó gbin igi.

Ọ̀nà mìíràn wà tí kò ná ni lówó púpọ̀. Ní Maradi, ní orílẹ̀-èdè Niger, kò jìnnà sí Katsina, láti nǹkan bí ọdún 1983 ni àwọn àgbẹ̀ ti ń jẹ́ kí kùkùté igi tó ti wà nínú oko wọn tẹ́lẹ̀ rúwé padà. Wọ́n á yan ẹ̀ka mélòó kan tó dára, wọ́n á gé ìyókù, wọ́n á dáàbò bò ó. Tony Rinaudo, ọmọ Ọsirélíà tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà náà, ló sapá láti tan ọ̀nà yìí kálẹ̀, ilẹ̀ tí igi sì ti padà sí báyìí ní Niger ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù márùn-ún hẹ́kítà. Gbòǹgbò ti wà nílẹ̀, omi tó ń mu ti mọ̀ ọ́n. A ti dán an wò pẹ̀lú dàkwàrà ní oko Bàbá, àwọn èyí tó rú láti kùkùté sì ṣáájú àwọn ti nọ́sìrì mi lọ fíìfíì.

Nínú gbogbo iṣẹ́ náà, yíyan oje ló wù mí jù. Apẹ̀rẹ̀ tàbí igbá ni a fi ń ká a, kì í ṣe ọ̀rá. Nínú ọ̀rá, oje á làágùn, á lẹ̀ mọ́ra, á sì hu. A kò gbọdọ̀ jẹ́ kó bọ́ sí yanrìn, a kò sì gbọdọ̀ fi omi ṣàn án bó bá bọ́. Ẹní tó mọ́ ni a ń tẹ́ ẹ lé, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, a ó máa yí i, a ó máa ṣa èèpo igi kúrò lára rẹ̀, títí yóò fi gbẹ dé inú. Àpò ìdọ̀họ ni a ó dì í sí.

Lọ́jà Nàìjíríà, ìpele mẹ́ta ni. Oje dàkwàrà ni ìpele kìíní, ti dùṣè ni ìkejì, àdàlù oje àwọn igi yòókù ni ìkẹta. Iye wọn kò súnmọ́ra rárá, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń da dùṣè mọ́ dàkwàrà. Ẹ fi ọwọ́ fọ́ ọ wò. Ti dàkwàrà le, ó sì ń dán nínú bíi dígí. Ti dùṣè máa ń rún wẹ́wẹ́. Ẹ sọ díẹ̀ sínú omi tútù, kí ẹ fi í sílẹ̀. Ojúlówó máa ń yọ́ tán pátápátá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oje náà pọ̀ tó omi. Oje àwọn igi mìíràn kan á kàn wú, á dà bí ẹ̀kọ tí kò dì. Ní yàrá àyẹ̀wò, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n: ti dàkwàrà ń yí ìmọ́lẹ̀ kan tí wọ́n ti tò sọ́nà kan ṣoṣo sí òsì, ti dùṣè ń yí i sí ọ̀tún. Ọ̀pọ̀ ọjà Nàìjíríà ló ti bọ́ sí yẹpẹrẹ lójú àwọn olùrà òkèèrè nítorí àdàlù yìí, ó sì dùn mí, torí dàkwàrà Yobe kò kéré sí ti Sudan bí ọwọ́ tó yan án bá mọ́.

Ẹ tún wo ẹ̀yìn ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bí ẹ bá rí E414, oje yìí ni. Òun ló ń mú kí òróró adùn inú rẹ̀ má léfòó sókè. Ó wà nínú súìtì, nínú oògùn oníhóró, nínú ọ̀dà tí àwọn ọmọ ilé ìwé fi ń ya àwòrán, àti nínú gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn sítáǹbù. Nígbà tí Amẹ́ríkà fi òfin dí ọjà Sudan lọ́nà lọ́dún 1997, wọ́n yọ oje yìí sílẹ̀, torí àwọn ilé iṣẹ́ wọn kò lè ṣe láìsí i. Láti ìgbà tí ogun ti bẹ́ sílẹ̀ ní Sudan ní oṣù kẹrin ọdún 2023, àwọn olùrà ti ń wo Chad àti Nàìjíríà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwa náà ní wàhálà tiwa. Boko Haram ti lé àwọn ènìyàn kúrò nínú oko wọn ní ìhà Geidam, àwọn igi kan wà níbẹ̀ tí a kò lè dé ìdí wọn mọ́.

Ilẹ̀ Yorùbá pàápàá kì í ṣe àjèjì sí i. Àwọn àáfà wa ti pẹ́ tí wọ́n ń po tàdáwà tí wọ́n fi ń kọ wàláà, oje igi ẹlẹ́gùn-ún báyìí sì wà lára ohun tó ń mú kí tàdáwà lẹ̀ mọ́ ojú wàláà. Pódi bàgàrúwà, ìbátan dàkwàrà mìíràn, ni àwọn aláwọ Kánò àti Sokoto fi ń ṣe awọ ewúrẹ́ pupa tí wọ́n ń kó gba inú aṣálẹ̀ kọjá sí Mòrókò láyé àtijọ́, tí àwọn ará Yúróòpù wá ń pè ní awọ Mòrókò.

Igi gáwò náà tó ohun tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Òun ló ń wọ́wé nígbà òjò, tó sì ń rúwé nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, nítorí náà kì í dí oòrùn mọ́ jéró lórí, ẹran sì ń rí ibòji àti pódi rẹ̀ nígbà tí kò sí ohun mìíràn. Màá kọ nípa rẹ̀ lọ́tọ̀.

Àwọn ará ilé máa ń pè mí láti Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn pé ṣé wọ́n lè gbin dàkwàrà sí ilẹ̀ wọn. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lè hù, àmọ́ ilẹ̀ wa tutù jù, òjò wa pọ̀ jù, oòrùn àti ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń mú oje jáde lára rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà ní tòótọ́, ilé iṣẹ́ ìwádìí rọ́bà ti ìjọba àpapọ̀, tó wà ní Iyanomo lẹ́bàá Benin, ló ń bójú tó ìwádìí oje yìí pẹ̀lú, ẹ̀ka rẹ̀ sì wà ní Gashua ní Yobe, níbi tí igi náà wà. Ẹni tó bá sì fẹ́ rà, kó wá ní oṣù kejìlá sí oṣù kejì, kó san owó lójú oko, lórí òṣùwọ̀n tí gbogbo ènìyàn rí. Bí alágbàtà kan bá gbé oje wá bá yín nílé, ẹ bi í pé inú oṣù wo ni wọ́n kọ igi náà. Bí ó bá ní oṣù kẹsàn-án, ẹ má rà á, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún un.